Orúkọ tí Ara Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Sọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ara ọmọ ni àwọn ìyá agbẹ̀bí kọ́kọ́ ń wò. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Bí okùn ìwọ́ bá wé mọ́ ọn lọ́rùn, ọkùnrin a jẹ́ Òjó, obìnrin a jẹ́ Àìná. Orúkọ àmútọ̀runwá ni ìwé àyẹ̀wò ayé ìgbà náà.

Nígbà tí ìjọba Faransé gbé ìwé ìbí dé, akọ̀wé kọ wọ́n ní Igué, Odjo, Aïna, wọ́n sì di orúkọ ìdílé. Lónìí, ọmọ tó forí wáyé ń jẹ́ Igué. Bí òbí kò bá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀rí àwọn ìyá agbẹ̀bí a parẹ́.