Ìwé Pélébé Inú Fáyólìn

Ẹni tó bá ń wá fáyólìn tòkunbọ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ rí èyí tí wọ́n pè ní Stradivarius. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ni ẹ̀rí ọlọ́jà: orúkọ Antonio Stradivari ní èdè Látìn, ìlú Cremona ní Ítálì, àti ọdún. Owó gọbọi ni wọ́n á sì pè é. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa á ti ní gbájúẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó fi tan ẹni tó ń rà á jẹ.

Stradivari kú ní 1737. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Markneukirchen ní Jámánì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pín iṣẹ́ fáyólìn láàárín ara wọn: ẹnì kan ń gbẹ́ ọrùn, òmíràn ń gbẹ́ ẹ̀yìn, òmíràn ń tò ó pọ̀. Ó di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Orúkọ Stradivari kàn ń sọ bátànì ẹni tí wọ́n tẹ̀ lé ni, bí télọ̀ ṣe ń fi orúkọ gbajúmọ̀ pe àrà aṣọ. Ẹni tó fi dọ́là mélòó kan rà á láti inú ìwé ọjà Sears, Roebuck ní Amẹ́ríkà mọ̀ dájú pé kì í ṣe ti Cremona. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó bá a nínú àpótí ni kò mọ̀. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n rà á ti kú, ìwé pélébé ló ṣẹ́kù.

Òfin owó ibodè ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ní 1890, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ọjà òkèèrè gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá lára, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “Germany” lábẹ́ Látìn yẹn, ẹ ti mọ ìgbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. “Czechoslovakia” tún wá ju ìyẹn lọ: 1918 ni wọ́n dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀! Ṣùgbọ́n àìsí orúkọ orílẹ̀-èdè kò sọ ọ́ di ti Cremona. Èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù kò nílò rẹ̀.

Ojúlówó náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ní oṣù kẹfà 2011, ilé iṣẹ́ Tarisio fi gbàǹjo ta “Lady Blunt”, tí Stradivari ṣe ní 1721, ní mílíọ̀nù 9.8 pọ́n-ùn, fún ìrànwọ́ àwọn tí ilẹ̀ ríri àti omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́ ní Japan. Ní 1971, 84,000 pọ́n-ùn ni wọ́n tà á ní London. Kì í ṣe ìwé pélébé ló gbé owó yẹn wá. Wọ́n mọ àwọn tó ti ni ín, lára wọn Lady Anne Blunt, ọmọ-ọmọ akéwì Byron. Wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ta á rí, ara rẹ̀ ṣì jọ̀lọ̀.

Àwọn onígbàǹjo máa ń ṣọ́ ẹnu wọn gan-an. “Stradivari ló ṣe é” yàtọ̀ pátápátá sí “orúkọ Stradivari wà nínú rẹ̀”. Gbólóhùn kejì yìí ló yẹ àwọn ọlọ́jà wa. Kí wọ́n sì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí òpó kékeré inú rẹ̀ dúró lé. Bí ibẹ̀ bá ti sán, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an, orúkọ yòówù kó wà nínú rẹ̀.