Gbohùngbohùn abẹ́ òkun: bí wọ́n ṣe ń fi etí wá epo

1/ Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì, mo mọ̀ pé a ò ní òkun. Àmọ́ títí di October 1, 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ létí òkun. Wọ́n lọ tòun ti epo, ṣùgbọ́n owó epo ṣì wà nínú ohun tí Àbújá ń pín fún wa lóṣooṣù. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí epo ọ̀hún?

2/ Ẹ pariwo níwájú àpáta, ohùn yín á padà wá. Gbohùngbohùn nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ó yin ìbọn afẹ́fẹ́ sínú omi, ìró wọ ilẹ̀ lọ, ó kọ lu àpáta, ó padà sókè. Okùn gígùn tó kún fún ẹ̀rọ etí, tí ọkọ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀, ló ń gbọ́ ọ. Kí ìbọn afẹ́fẹ́ tó dé láwọn ọdún 1960, dáínámáìtì ni wọ́n ń lò.

3/ Wàhálà ibẹ̀ rèé: ojú omi náà ń dá ìró padà. Gbohùngbohùn kejì yìí, tí wọ́n ń pè ní ghost, ìyẹn iwin, máa ń pa apá kan ìró gidi rẹ́.

4/ Ọmọ Yorùbá, tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bá sọnù, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Tí okùn bá wà ní mítà 7.5, ohùn 100 Hz lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ò sì lágbára. Rì í sí mítà 15: ohùn ìsàlẹ̀ dáa sí i, àmọ́ 50 Hz lọ. Bẹ́ẹ̀ ohùn òkè ló ń fi ìpele tín-ín-rín hàn, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń dé ibi jíjìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń mú ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ìkejì sílẹ̀.

5/ Ní 2007, PGS ti Norway gbé okùn elétí oríṣi méjì jáde: ọ̀kan ń gbọ́ bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìkejì ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì. Pa méjèèjì pọ̀, iwin á pòórá. Ní 2010, CGGVeritas ti Faransé dẹ okùn sílẹ̀: iwájú sún mọ́ ojú omi, ìdí jìn sísàlẹ̀. Ohun tí etí ibí ò gbọ́, etí ọ̀hún á gbọ́ ọ.

6/ Ṣé ó kàn wá? Bonga, tó jìn sí etíkun wa tó nǹkan bí kìlómítà 120, ju mítà 1,000 lọ nínú omi. November 2005 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kànga kan lè jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá ṣi ìró gbọ́, ó ti sọ owó sómi.

7/ Nítorí náà, tí alẹ́ẹ̀tì owó oṣù bá dún lórí fóònù tíṣà kan ní Adó, ẹ rántí: gbohùngbohùn kan ló ṣíwájú rẹ̀.