Àwo Newport ti Duke Ellington: Èwo Ni Ti Orí Pèpéle, Èwo Ni Ti Sítúdíò?

Ẹni tó bá ka oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ti kọ nípa àwo Ellington at Newport, orí rẹ̀ á dàrú. Àwọn kan ní orí pèpéle ni wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ayédèrú ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

Ọdún 1937 ni Ellington ti kọ́kọ́ gba orin tó gbayì jù nínú rẹ̀, Diminuendo and Crescendo in Blue, sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1955, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jáàsì ńlá ti túká. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà ń bá àwọn eléré orí omi ṣeré ní Flushing, New York.

Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Keje 1956, níbi àjọ̀dún jáàsì ní Newport, Rhode Island, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí ẹgbẹ́ náà tó padà sórí pèpéle fún eré ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láàárín apá méjèèjì orin àtijọ́ yẹn ni Ellington ti ní kí Paul Gonsalves, ọmọ àwọn ará Cape Verde, máa fọn sasofóònù lọ. Ìgbà 27 ló gbé blúùsì náà yípo láìsinmi, tí báàsì Jimmy Woode àti ìlù Sam Woodyard ń gbè é lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú bọ́ sí agbo, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn èèyàn gun orí àga. Jo Jones, onílù Count Basie tẹ́lẹ̀, ká ìwé ìròyìn, ó ń fi í lu etí pèpéle. Nígbà tí orin náà parí, George Wein tó dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kásẹ̀ eré nílẹ̀ kí wàhálà má baà bẹ́, ṣùgbọ́n Ellington ò gbà. Ta ló kọ́kọ́ kó ijó ran àwọn èrò, obìnrin náà ni àbí Jones? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Fèrè Gonsalves ni.

Ọ̀rọ̀ téèpù ló gba sùúrù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-iṣẹ́ rédíò Voice of America ni Gonsalves kọjú sí, kì í ṣe ti Columbia tó fẹ́ ta àwo. Ní ọjọ́ kẹta, George Avakian, tó ń bójú tó àwo náà fún Columbia, kó ẹgbẹ́ náà wọ sítúdíò, wọ́n tún àwọn orin kan ṣe, púpọ̀ nínú orin tí wọ́n ń pè ní Newport Festival Suite wà lára wọn, wọ́n sì fi àtẹ́wọ́ kún un. Fèrè yípo 27 yẹn ni wọn ò tún ṣe. Ti orí pèpéle ni, ó kàn ń dún bí ẹni pé ó wà lókèèrè. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọkàn àwo yìí ní ayédèrú.

Àwo náà ló tà jù nínú gbogbo èyí tí Ellington ṣe láyé rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ Time ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Ní 1996 wọ́n rí téèpù rédíò náà ní Library of Congress. Phil Schaap, onímọ̀ ìtàn jáàsì, so ó pọ̀ mọ́ ti Columbia, ẹ̀dà kíkún sì jáde ní 1999. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Gonsalves nítòsí, ẹ̀dà yẹn ni kó wá.