ORÚKỌ TÍ WỌ́N FẸ́ PA RẸ́: ÌTÀN DAVID OLUWALE ÀTI OHUN TÍ ÌKÀ ỌLỌ́PÀÁ Ń ṢE SÍ ÌDÁNIMỌ̀ ẸNI ÀTI TI ÀWÙJỌ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí sọ ìtàn David Oluwale, ọmọ Èkó tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú odò Aire ní ìlú Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá méjì ti fìyà jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. A fi ìtàn náà hàn pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ti orí kóńdó bẹ̀rẹ̀. Ibi orúkọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. A sì tọ́ka sí ohun tí ó kan àwa tí ń kọ́ olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tú síta láti tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti gbógun ti adigunjalè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ra. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá burúkú ni tiwa. Ìtàn Oluwale ni mo fi dá wọn lóhùn, nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ Èkó, ó fi èkejì tẹ ilẹ̀ òyìnbó.

Láti Èkó dé Leeds

Èkó ni wọ́n bí Oluwale sí ní 1930. Ní oṣù kẹjọ 1949, ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń lọ sí ìlú Hull. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 28 ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Òfin ìjẹ́-ọmọ-ìlú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1948 sọ àwọn tí a bí sí kólónì wọn ní Áfíríkà di ọmọ-ìlú kan náà pẹ̀lú àwọn tí a bí sí Leeds. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò sanwó ọkọ̀. Kì í ṣe pé kò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ alágbára ní Leeds. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní “Yankee”. Ní 1953, gbólóhùn asọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọlọ́pàá, wọ́n sì tún jù ú sẹ́wọ̀n. Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Menston, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, kò rí iṣẹ́ gidi mú lọ́wọ́ mọ́, kò sì ní orùlé. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ó ń sùn. Ẹni tí ó ń jẹ́ Olúwalé, orúkọ tí “ilé” wà nínú rẹ̀, wá di aláìnílé ní ìlú tí òfin ní ó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú

Láti 1968 ni Ọ̀gá ọlọ́pàá Geoffrey Ellerker àti Sájẹ́ǹtì Kenneth Kitching ti ń dọdẹ rẹ̀ lóru. Ẹ̀rí tí a gbọ́ ní ilé ẹjọ́ ni pé wọ́n ń fi ìpá jí i lójú oorun, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú ní òwúrọ̀ kùtù, wọ́n á sì já a sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn padà. Wọ́n tọ̀ sí i lára. Wọ́n ń mú un kúnlẹ̀, kí ó forí balẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì ta apá rẹ̀ nípàá kí orí rẹ̀ lè fọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìkúnlẹ̀ àti ìforíbalẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ fi ń bọ̀wọ̀ fún òbí, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ń rí iyì. Àwọn wọ̀nyí sọ ọ́ di ohun ìyà. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nínú ìwé ẹ̀sùn ọlọ́pàá, ní àyè tí ó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, èébú tí òyìnbó fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn kò kọ Nàìjíríà, wọn kò sì kọ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ìlà kan yìí ló ṣàlàyé gbogbo ìyókù. Ẹni tí a bá ti yọ orúkọ àti ìlú kúrò lára rẹ̀ nínú ìwé, ọwọ́ kì í pẹ́ dé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 1969, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú odò. Wọ́n sin ín sí ibojì àwọn tálákà ní Killingbeck. Ní 1970 ni ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan fẹnu sọ ohun tí òun ti ń gbọ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1971, adájọ́ pàṣẹ kí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá wọn láre lórí ẹ̀sùn ikú rẹ̀. Ìlùkulù nìkan ni wọ́n jẹ̀bi: Ellerker lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, Kitching lọ fún oṣù 27.

Ìdánimọ̀ ẹni, ìdánimọ̀ àwùjọ

Kí ni ìwà báyìí ń ṣe sí ènìyàn? Ó ń gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa Oluwale gẹ́gẹ́ bí alárìnká, ẹlẹ́gbin àti wèrè. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò. Ó tún ń ba àwùjọ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwùjọ lè kọ̀. Ní Chapeltown, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Leeds, ẹnì kan kọ ọ́ sára ògiri pé kí àwọn ènìyàn máa rántí Oluwale. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nígbà náà ti erékùṣù Caribbean wá, wọn kì í ṣe Yorùbá. Síbẹ̀, wọ́n gba òkú náà ní tiwọn.

Ìrántí náà kò kú. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n gbé àmì ìrántí kan kọ́ sí Leeds Bridge. Àwọn kan jí i gbé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 2023, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ṣí ère òdòdó ńlá kan tí Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá, ṣe ní ìrántí rẹ̀, tí ó ní àwọ̀ àti bátànì bí ti àǹkárá. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ni àwọn ará ìlú fi ń kọjá odò lónìí.

Tiwa ńkọ́?

Kí a má baà máa fi ìka tọ́ ilé ẹlòmíràn nìkan, ẹ jẹ́ kí á wo ilé. Ní 1861, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ tí ó di ọlọ́pàá wa. Kò pẹ́ tí John Glover fi kó àwọn Hausa tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú sínú rẹ̀. Ọgbọ́n ìjọba amúnisìn ni pé àjèjì kò ní ṣàánú onílé. Ní 1930, ọdún tí wọ́n bí Oluwale, ni wọ́n pa ọlọ́pàá àríwá àti ti gúúsù pọ̀. Láti ìpìlẹ̀, nítorí náà, ọlọ́pàá wa wà láti ṣọ́ ìjọba, kì í ṣe ará ìlú. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní máa wí pé ẹ̀yà kan ló burú. Ètò náà ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. “Ẹlẹ́yàmẹ̀yà” ni a ń pe ti òyìnbó sí dúdú; òun náà ni a ń pe ti Yorùbá sí Igbo tàbí sí Hausa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, nítorí ìwà kan náà ni. Èmi tí mo ń kọ èyí jẹ̀bi. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, mo máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ wọn ṣòro lẹ́nu mi ní orúkọ ẹ̀yà wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé àwàdà ni. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Sà, orúkọ mi kò gùn ju tiyín lọ.” Mo kọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń tako SARS, “sọ̀rọ̀ sókè” ni igbe tí wọ́n ń ké, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí ti Chapeltown, ìyà tí wọ́n jọ jẹ ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ wá bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èkíní, kí a máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ láti pe orúkọ ọmọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Èkejì, kí ìtàn Oluwale wọ inú ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ àjọgbépọ̀ wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé ọ̀rọ̀ Leeds àti ọ̀rọ̀ Èkó tan mọ́ra. Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé inú kíláàsì wa ni ọlọ́pàá ọ̀la jókòó sí. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnì kan kò tó ènìyàn ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń gbé kóńdó sókè.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Oluwale kò wálé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pe orúkọ rẹ̀ dáadáa ní kíláàsì wa, ó ti ń bọ̀ lọ́nà.