Ìtàn Omi Òkun àti Agbára Tí Ń Mú Iyọ̀ Kúrò Nínú Rẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi a máa náni lówó. Ní Iyaro, ní ìlú Bìní tí òkun jìnnà sí, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń fi ẹ̀rọ fà. Bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, omi kò lè gòkè dé inú táǹkì mọ́. Bí agbára bá ti le koko tó báyìí fún omi tí kò níyọ̀, báwo ni ti omi òkun yóò ti rí?

Ní ọdún 1748, Jean-Antoine Nollet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i pé omi ń gba ara àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kọjá lọ bá ọtí líle tó wà nínú ìgò. Bákan náà ni omi gidi máa ń wá omi oníyọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó padà, kí iyọ̀ sì kù sẹ́yìn, àfi kí ó fi ipá tì í. Fún omi òkun, ipá náà ju ìlọ́po 50 ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ lọ. Iná mànàmáná ni a sì fi ń ra ipá yìí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ṣe awọ asẹ́ tó yẹ iṣẹ́ náà ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ní 1965, ìlú Coalinga bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́ omi ilẹ̀ wọn tó níyọ̀. Ní nǹkan bí 1970, ẹgbẹ̀rún lítà omi òkun kan ń gba bíi yúníìtì iná 16. Lónìí, ẹ̀rọ tó dára ń gba 3 sí 4, nítorí pé awọ asẹ́ ti sunwọ̀n sí i, àti pé a ń gba ipá tó kù nínú omi iyọ̀ tó ń jáde padà lò. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ sẹ́ ìdajì omi òkun tí a fà wọlé, kò sí ọgbọ́n tó lè mú un dín sí bíi yúníìtì 1.

Ní 2015, wọ́n ṣí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Teshie, ní Accra, èyí tó lè pèsè omi tó tó mílíọ̀nù 60 lítà lójúmọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2018, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró: owó tí iléeṣẹ́ omi Ghana ń san lórí omi náà ju èyí tó ń rí gbà lọ́wọ́ aráàlú lọ. Òkun kò gbẹ, ẹnu ń gbẹ.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ìlú tó bá fẹ́ mu omi òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí iná yóò ti wá, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.