Fíríì, Ọ̀fẹ́, Òmìnira

Dúró sí oríta Ìfàkì-Èkìtì, kí o sì fetí sílẹ̀. O ò ní pẹ́ gbọ́ "fíríì". "Ṣé fíríì ni?" lẹ́nu ẹni tí wọ́n bu ẹ̀pà fún láti tọ́ wò. "Ọ̀nà ti fíríì" lẹ́nu awakọ̀. "Fíríì mi jàre" lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń dà láàmú. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni free lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí a ṣe ń sọ pé ilé ga náà ni a ṣe ń sọ pé ọ̀nà fíríì.

Nǹkan méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí kì í ṣe ẹrú, àti ohun tí a kò sanwó fún. Àwa ní òmìnira fún ti àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ fún ìkejì. Ìdí kan náà ni free àti friend ti wá, ìyẹn ìfẹ́: ẹni tó jẹ́ ti ilé, tí wọ́n fẹ́ràn, ni kì í ṣe ẹrú. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Nínú agbo ilé láyé àtijọ́, ẹrú wà, ọmọ wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ju "ọmọ" lọ. Ìwọ̀fà sì wà láàárín wọn, tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé gbèsè, tó sì lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló jẹ gbèsè ọ̀hún.

Ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀ gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Oore-ọ̀fẹ́ ni Bíbélì Yorùbá pe oore Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rà. Ní ìlú bí Ìfàkì, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì.

Ni Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀, bá dé. Òmìnira fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kígbe. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣèlérí. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ló bí méjèèjì. Létí Yorùbá, ìkejì dún bí ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kọ́ o! Wọ́n ní kí àwọn tó ń san owó orí fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún un fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú ń bí àwọn èèyàn. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba 18, lórí ilẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ń ṣàkóso.

Síbẹ̀, wọn ò padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, Èkìtì náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 456,600, wọ́n di 811,432 láàárín ọdún kan. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ méjèèjì ti tún pàdé: ọmọ tálákà tí oko ìbá gbà kúrò ní iléèwé wá ń jókòó ti ọmọ olówó, ọmọ ni àwọn méjèèjì.

Ní 1979, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ajáṣin mú owó iléèwé girama náà kúrò. Lásìkò Fáyòṣé, wọ́n tún ń gba 500 náírà lọ́wọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 1,000 lọ́wọ́ ọmọ girama. Lẹ́fì ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní owó iléèwé. Oṣù October 2018 ni Fáyẹmí fagi lé e.