Láti Ọ̀nà Ìjẹ̀bú Dé Báńkì Abidjan

Bí orílẹ̀-èdè kan bá gbógun wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti fi ìjẹníyà ọrọ̀ ajé kàn án. Wọn ò ní bá a rà, wọn ò ní bá a tà, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀ tó wà nílé ìfowópamọ́ òkèèrè. A gbọ́ ọ nígbà tí Iraq wọ Kuwait ní 1990. A tún gbọ́ ọ nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn òyìnbó ìlú Geneva àti New York ló dá a sílẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ní Abidjan, láàárín àwọn Yorùbá tí àwọn bàbá wọn ti Èjìgbò wá ṣòwò síbí, kò fara mọ́ èyí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìjẹníyà ọrọ̀ ajé ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ọ̀nà dídí ni àwọn baba wa ń pè é.

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Inú àwọn Ẹ̀gbá kò dùn pé ohun ìjà ń gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sọ́wọ́ Ìbàdàn, ni wọ́n bá ti ọ̀nà. Ìjẹ̀bú náà ti tiwọn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kò fara sin. Ìbàdàn ti ń fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lórí ìlú onílùú ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìlú tí yóò kàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjì bá dé. Ìbàdàn kò sì ní etí òkun. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń sebẹ̀ àti ẹ̀tù tí wọ́n fi ń jagun, ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ṣé ọ̀nà tí wọ́n tì ló parí ogun náà? Rárá. Wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní bùdó. Ìbàdàn ti rí ọ̀nà mìíràn: ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, gómìnà Èkó, ti là sílẹ̀ ní nǹkan bí 1872. Ó jìn, ó sì léwu, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù.

Apá ìtàn yìí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Ẹni tó ti ọ̀nà mọ́ oníbàárà ti ti ilé ìtajà ara rẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni kí ẹrù máa ti etí ọ̀sà lọ sí òkè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó sú wọn. Awùjalẹ̀ Afidípọ̀tẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní ṣí ọ̀nà, àwọn ọmọ ìlú sì lé e jáde ní 1883, ó lọ jókòó sí Ẹ̀pẹ́. Ọba kan pàdánù ààfin rẹ̀ nítorí ìjẹníyà tó fi kan ẹlòmíràn! Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún 1892, tí wọ́n jà ní Ìmagbọn, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n ń dí ọ̀nà òwò.

Ti Italy àti Ethiopia kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mussolini wọ Ethiopia ní oṣù Kẹwàá 1935. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní Geneva nígbà náà fòfin de òwò pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan epo rọ̀bì, wọn kò sì ti Suez tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ ń gbà kọjá. Addis Ababa bọ́ ní oṣù Karùn-ún 1936. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ti mú òfin náà kúrò. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tí kò ti fèrèsé, kí ló tì?

Èyí tó kàn wá níbí gbọ̀ngbọ̀n ni ti Charles Taylor. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1989 ni àwọn ọmọ ogun NPFL rẹ̀ wọ Liberia. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n yọ sí Butuo ní àgbègbè Nimba, nígbà tí Houphouët-Boigny ṣì wà lórí àlééfà. Ní oṣù Kẹta 1991, àwọn ọlọ́tẹ̀ RUF ti Foday Sankoh gba ilẹ̀ Liberia wọ Sierra Leone, Taylor ló sì wà lẹ́yìn wọn. Ìkọlù sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Sierra Leone ló ń bọ́ ogun náà. Ó ń gba Liberia jáde, ìbọn ń gba ọ̀nà kan náà padà.

Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti fòfin de títa ohun ìjà fún Liberia láti oṣù Kọkànlá 1992. Ìbọn ò yéé wọlé. Ní oṣù Keje 2000 wọ́n fòfin de dáyámọ́ńdì Sierra Leone tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, àwọn oníṣòwò sì ń pè é ní ti Liberia. Nígbà tí ọdún náà ń parí, àwọn tí àjọ náà rán láti ṣèwádìí jábọ̀ pé òkúta tí wọ́n ń tà lórúkọ Liberia pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ Liberia lè mú jáde lọ fíìfíì. Èyí ló bí ìpinnu 1343 ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2001: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra dáyámọ́ńdì Liberia, Taylor àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè. ECOWAS bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún un láyè oṣù méjì kí òfin tó mú un, wọ́n sì gbà.

Taylor náà wá ọ̀nà Oǹdó tirẹ̀, ó sì rí i. Gẹdú ni. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Oriental Timber Company la ọ̀nà wọ inú igbó, wọ́n ń kó igi ńláńlá gba èbúté Buchanan jáde. France àti China wà lára àwọn tó ń rà á jù, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ ààbò ní New York, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ti lè sọ pé rárá. Ọdún méjì gbáko kọjá kí wọ́n tó fòfin de gẹdú, ní oṣù Karùn-ún 2003. Ọjọ́ 7 oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún méjì yẹn, ní oṣù Kọkànlá 2002, àwọn jagunjagun Liberia bá àwọn ọlọ́tẹ̀ MPIGO àti MJP wọ ìwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire, wọ́n gba Danané àti Man. Ogun tó gba ibí lọ ní 1989 padà wálé.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 2003 ni Taylor gbéjọba sílẹ̀, tó wá sí Calabar. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni lẹ́yìn tí òfin gẹdú bẹ̀rẹ̀. N kò ní parọ́ pé òfin náà nìkan ló lé e. Àwọn ọlọ́tẹ̀ LURD ń ju àdó olóró sí Monrovia, ilé ẹjọ́ àkànṣe Sierra Leone sì ti fẹ̀sùn kàn án ní gbangba ní oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀tá wà lẹ́nu odi rẹ̀, tí kò sì ní owó ìbọn mọ́, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ti Abidjan ní 2011 kì í ṣe ogun orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Mo mú un wá síbí nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2010. Àjọ elétò ìdìbò ní Ouattara ló wọlé, ìgbìmọ̀ òfin ní Gbagbo ni. Gbagbo kò kúrò. Ṣé ẹ mọ̀ pé Côte d'Ivoire kò ní owó tirẹ̀? Orílẹ̀-èdè 8 ló jọ ń ná Sẹ́fà tí à ń ná yìí, BCEAO tó ń bójú tó o sì wà ní Dakar. Ní oṣù Kejìlá, àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè yòókù pàdé ní Bissau, wọ́n ní Ouattara nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé owó ìjọba. Gómìnà báńkì náà, Dacoury-Tabley, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2011. Gbagbo gba ilé BCEAO tó wà ní Abidjan. Àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, Dakar ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de àwọn ilé iṣẹ́ wọn láti bá èbúté Abidjan àti San Pedro dòwò. Ouattara fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kòkó jáde láti ọjọ́ 24 oṣù Kìíní, ilẹ̀ yìí sì ni ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta kòkó àgbáyé ti ń jáde. Iye rẹ̀ lọ́jà àgbáyé fò ga ju bó ti rí lọ láti bí ọgbọ̀n ọdún, àgbẹ̀ tó ni kòkó sì ń wò ó nínú àpò. Àwọn kan gbé tiwọn gba igbó lọ sí Ghana. Ní àárín oṣù Kejì, báńkì BICICI tì, Citibank tì, SGBCI àti Standard Chartered tẹ̀ lé wọn. Gbagbo ní ìjọba òun ti gba méjì lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà àwọn báńkì tó ṣẹ́ kù láti àárọ̀ kùtù. Oògùn wọ́n.

Ìyá kan tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Treichville ròyìn oṣù náà fún mi. Ọmọ Èjìgbò ni wọ́n. Owó ọjà wọn há sínú báńkì, wọ́n ń lọ wo géètì rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni lọ wo aláìsàn. Àjọ ló gbà wọ́n. Àjọ tí wọ́n ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn kò bá Dakar lò, kò sì tì fún ọjọ́ kan. Àwọn tó wà nílé kò bọ́ nínú rẹ̀ náà, nítorí Èjìgbò jẹ́ ìlú tí à ń ná Sẹ́fà lọ́jà, owó tó ń tì í lẹ́yìn sì ń ti Abidjan lọ. Ẹ wo bó ti jìn tó: wọ́n pàdé ní Bissau lórí Gbagbo, ilé kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí owó iléèwé san.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ouattara sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù ní ìparí oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ sójà Gbagbo kò dúró jà. Mo gbà pé owó tó gbẹ wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀, ìbọn ló mú un ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí hẹlikọ́pítà France àti ti àjọ àgbáyé ti yìnbọn sí ilé rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àjọ àgbáyé ti wí, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló kú nínú rògbòdìyàn náà.

Ìdí nìyí tí n kò fi sí nínú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ìjẹníyà, n kò sì sí nínú àwọn tó ń sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Òfin tó bá mú dáyámọ́ńdì àti gẹdú mú àpò ẹni tó ń ra ìbọn. Òfin tó bá ti báńkì mú alásọ, àgbẹ̀ àti aláìsàn kó tó dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. ECOWAS kò fetí sí èyí ní Niger ní oṣù Keje 2023. Wọ́n ti ibodè, Nàìjíríà já iná mànàmáná rẹ̀, ó sì di oṣù Kejì 2024 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn ọ̀gágun Niamey ti rí ọ̀nà Oǹdó tiwọn ní Moscow. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Ohun mìíràn wà tó ń dùn mí jù báńkì lọ. Ìwádìí àjọ àgbáyé ní 2000 sọ ibi tí ìbọn Taylor àti RUF ń gbà wọlé. Ní oṣù Kẹta 1999, ohun ìjà tó tó tọ́ọ̀nù 68 ti Ukraine dé sí Ouagadougou, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o lọ sí Liberia. Blaise Compaoré ni ààrẹ Burkina Faso nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ayé kà á. Wọn kò fi ìjẹníyà kankan kan Burkina Faso. Nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2014, Côte d'Ivoire gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ onílùú, Abidjan yìí ló sì fìdí kalẹ̀ sí.